Ààwẹ̀ Pọ̀ n'Ífẹ̀, Àṣàrò Ńkọ́?

Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣòro kí oṣù kan kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan ń gbààwẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní kì í tíì dé ìdajì tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti Lágèrè dé Parakin fi ń kéde ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lẹ́ńtì ń bọ̀ lẹ́yìn fún àwọn Kátólíìkì àti Áńgílíkà. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń yí kiri inú ọdún, ó ń fi ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá yára dé lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ láyé yóò gbà á nínú òjò, yóò sì gbà á nínú ọyẹ́. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọọ̀ni fúnra rẹ̀ yóò wọlé lọ, ará ìlú kò ní fojú kàn án fún ọjọ́ méje. A ò tíì ka àwọn tó ń dá tiwọn gbà nítorí ìdánwò, nítorí físà, nítorí ọmọ, nítorí ọkọ.

Ebi kò ṣàjèjì sí wa, nígbà náà. Ẹnìkejì rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Láàárín àwọn baba yógà ní Íńdíà, ààwẹ̀ kì í dá rìn. Àṣàrò ló ń bá rìn: kí èèyàn jókòó, kó dákẹ́, kó kó ọkàn rẹ̀ jọ sójú kan títí ariwo inú rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo gbé ohun tí à ń ṣe n'Ífẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ibi tí mo já sí ni pé a di ààwẹ̀ mú ṣinṣin, a sì ń jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó yà mí lẹ́nu nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ gan-an ló wà nídìí èyí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú ààwẹ̀ Ifẹ̀.

Ká kọ́kọ́ tú yógà wò, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju àwòrán obìnrin tó ká ẹsẹ̀ jọ sórí ẹní nínú fóònù lọ. Ìwé tí àwọn onímọ̀ rẹ̀ ń padà sí jù ni Yoga Sutra tí wọ́n ní Patanjali ló kọ ọ́. Gbólóhùn kéékèèké tí kò tó 200 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti lò ju 1,500 ọdún lọ. Ìpele mẹ́jọ ló là sílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ dá lórí ìwà: má ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá, má purọ́, má jalè, jẹ́ kí ohun tó o ní tó ọ. Ìkẹta ni ìjókòó, ìkẹrin ni mímí. Ìkarùn-ún ni pé kí èèyàn fa ojú àti etí rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ohun tó ń tan wọ́n. Mẹ́ta tó kẹ́yìn, àṣàrò ni gbogbo wọn, láti ibi tí ọkàn ti ń sapá títí dé ibi tí kò ti sapá mọ́. Níbo ni ààwẹ̀ wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nínú ìpele kejì, lábẹ́ ohun kan tí wọ́n ń pè ní tapas, ìyẹn kíkó ara ní ìjánu. Ìpín rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Vyasa, ẹni tí wọ́n ní ó kọ àlàyé àtijọ́ sórí ìwé náà, dárúkọ àwọn ààwẹ̀ tó wà lábẹ́ tapas. Ọ̀kan nínú wọn dùn ún gbọ́, chandrayana ni wọ́n ń pè é, òṣùpá ló sì ń bá rìn. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá kún, òkèlè 15 ni ẹni tó ń ṣe é máa jẹ. Lọ́jọ́ kejì, 14. Lọ́jọ́ kẹta, 13. Báyìí ni yóò máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò títí oṣù yóò fi wọ̀ọ̀kùn, lọ́jọ́ yẹn kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Bí oṣù bá tún ti lé, òkèlè kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di méjì, ó di mẹ́ta, títí òṣùpá yóò tún fi kún. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: kò sí ọjọ́ kan tí ara bá ebi pàdé lójijì, kò sì sí ọjọ́ kan tó bá oúnjẹ pàdé lójijì. Vyasa kan náà ló sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ara rẹ̀ ní ìjánu débi tí ọkàn rẹ̀ yóò fi dàrú.

Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Hatha Yoga Pradipika, tí Svatmarama kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ka àjẹjù mọ́ àwọn ohun tó ń ba yógà jẹ́, ó sì ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin ikùn máa ṣófo nígbà gbogbo. Ibi tó ti ká mi lára ni pé ó tún ka ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ohun tí ẹni tó ń kọ́ yógà yóò yẹra fún. Orí kẹfà Bhagavad Gita náà sọ ọ́ kedere pé yógà kò sí fún alájẹkì, kò sì sí fún ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀. Ìtàn Búdà ò sì jìnnà sí èyí: ó gbààwẹ̀ títí ó fi ku egungun, ó rí i pé òye tí òun ń wá kò sí níbẹ̀, ó jẹun, lẹ́yìn náà ló wá jókòó sábẹ́ igi.

Mi ò sọ pé gbogbo Íńdíà ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ń gbààwẹ̀ tó ń tó oṣù kan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ọkà ní ọjọ́ kọkànlá òṣùpá. Gandhi sì fi ààwẹ̀ jà fún ọ̀rọ̀ ìlú títí di January 1948, oṣù tí wọ́n pa á. Àmọ́ nínú yógà gan-an, ebi kéré, ìjókòó pọ̀.

Ó yá, ká wálé.

Ọlọ́jọ́ jẹ́ ọdún tó so mọ́ Ògún, a sì máa ń ṣe é láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Gbogbo ìlú ló ń yọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ayọ̀ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Fún ọjọ́ méje, Ọọ̀ni yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láàfin. Kì í gbàlejò, kì í jáde, kò sì ní jẹun bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Àdúrà fún ìlú àti fún ayé ni wọ́n ní ó ń gbà, pẹ̀lú àwọn tó ti wà lórí àpèrè ṣáájú rẹ̀. Níta, iṣẹ́ mìíràn ń lọ. Nínú ètò Gbàjúrè, àwọn obìnrin ìdílé ọba yóò kó ọwọ̀ jáde, wọn yóò gbálẹ̀ láti ààfin, orin lẹ́nu wọn. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ náà, Ọọ̀ni yóò yọ pẹ̀lú adé Ààrè lórí, adé tí kì í dé lọ́jọ́ mìíràn láàárín ọdún, wọn yóò sì gba Ẹnuwá lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún. Àwọn tó bá wà níbẹ̀ gbà pé àdúrà tí èèyàn bá gbà bí adé náà ṣe ń yọ kì í lọ lásán, ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń ta bíi pé ilẹ̀ yóò là.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ méje yẹn. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé Ọọ̀ni kì í gbà á fún ara rẹ̀. Kò sí físà tó ń wá, kò sí ọ̀tá tó fẹ́ kó ṣubú; orí àwọn ẹlòmíì ló ń rù. Ìkejì ni pé bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ ará Ifẹ̀ ohun tí ọba ń ṣe nínú ọjọ́ méje náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé wọn kì í rí i. Ebi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyàsọ́tọ̀ ni òpó tó gbé e dúró. Ọba tí ó lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo kó ogunlọ́gọ̀ jọ ló lọ jókòó níbi tí kò sí ẹnì kankan.

Bákan náà ló rí kí ọba tó jẹ. Ní 26 October 2015 ni wọ́n kéde Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gorí àpèrè, ó sì gba ọ̀pá àṣẹ ní 7 December ọdún náà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jájá Kejì. Láàárín méjèèjì ló wọ Ilé Ilofi, níbi tí wọ́n ti ń fi ètùtù àti ẹ̀kọ́ sọ ọmọ oyè di ọba. Ìlú Yorùbá mìíràn ń pe tiwọn ní ìpèbí. Oníṣirò owó tó ń ṣòwò ilé àti ilẹ̀ ní Èkó ni ọmọ oyè náà kó tó di ìgbà yẹn, irú ẹni tí fóònù kì í sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un kúrò nínú ọjà, wọ́n tì í mọ́ ibì kan tí kò sí ohun tó lè rà tàbí tó lè tà, àwọn àgbà tó mọ ìtàn, tó mọ èèwọ̀, tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti lọ, nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Bí Patanjali bá jí lónìí, tí wọ́n sì ṣàlàyé Ilofi fún un, mo rò pé yóò dá ìpele karùn-ún rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀ kíá.

Àwọn òrìṣà náà ní tiwọn, ibí sì ni mo ti rò pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀sìn wa kì í wò dáadáa. Wọ́n máa ń sọ pé ìṣẹ̀ṣe kò ka ààwẹ̀ sí tó Kristẹni àti Mùsùlùmí. Òótọ́ ni bó bá jẹ́ ààwẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń parí lọ́jọ́ Àìkú ni à ń sọ. Àmọ́ olórìṣà Ọbàtálá tí kì í fẹnu kan ẹmu, tó ń jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀ bó bá di ọjọ́ òrìṣà, ọjọ́ mélòó ni ká pe tirẹ̀? Ẹni tó tẹfá, tó jáde láti igbódù pẹ̀lú odù tó bí i, yóò gbé èèwọ̀ odù náà títí ọjọ́ alẹ́: ẹran kan wà tí kò ní jẹ mọ́, aṣọ kan wà tí kò ní wọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ń yẹ́ ẹ sí lórí rẹ̀, kò sí ìṣínu níbẹ̀. Èèwọ̀ yìí sún mọ́ ìpele méjì àkọ́kọ́ nínú yógà ju ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ kan tàbí ọlọ́jọ́ ogójì lọ, nítorí ìjánu kékeré tí kì í tán ni. Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Àgbáyé tó ti ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ rí láàárín 1982 sí 1989, ti kọ̀wé nípa ipò tí ìwàpẹ̀lẹ́ dì mú nínú ẹsẹ Ifá. Ní ìlànà yẹn, ẹni tó febi pa ara rẹ̀ tí ìwà rẹ̀ sì le, asán ló ṣe.

Àṣàrò ńkọ́? Ó wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àgbàlagbà kan yóò jókòó sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé àtàrí, yóò sì bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Yóò pè é, yóò kì í, yóò ní kó gbe òun. Lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dìde. Àwọn mìíràn á fi obì tàbí omi tútù sí i. Ó yàtọ̀ sí ti àwọn ará Íńdíà, mi ò fẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀: ẹni tó ń ṣe yógà ń wá bí ọkàn yóò ṣe rọlẹ̀ bí omi inú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ẹni tó ń bá orí sọ̀rọ̀ sì ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìkan ń tú ara rẹ̀ ká, ìkejì ń mọ ara rẹ̀ sí i. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbà pé àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, wọ́n sì gbà pé kí èèyàn ṣe é kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Òkun kò pa èyí rẹ́. Ní Brazil, ẹni tí wọ́n ń fi jẹ ìyàwó òrìṣà nínú Candomblé yóò wà nínú yàrá ìkọ̀kọ̀, ó sì sábà máa ń tó ọjọ́ 21 kó tó jáde. Ní Cuba, ìyàwó òrìṣà yóò wọ funfun fún ọdún kan gbáko, yóò sì yẹra fún àríyá àti ìrìn òru. Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn tó ń wọ ilé vodun lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Níbi gbogbo, ìyàsọ́tọ̀ ló ń ṣáájú, ẹbọ ń tẹ̀ lé e, oúnjẹ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

Nínú ẹ̀sìn Kristẹni, ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Láti 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ lukúlúkú ń pa àwọn èèyàn bí ẹní pa eṣinṣin, ni àwùjọ kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ti fi ààwẹ̀ àti àdúrà dípò oògùn. Ní 1925, Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó. Ọdún kan náà ni Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lù, olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà láti Ògèrè, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran. Ààwẹ̀ àti sáàmù ni àgbà aládùúrà kan fi sí i lọ́wọ́. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa kátákátá tó ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ìpè ní Ìkeji-Arákejì, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí. Ìtàn ìjọ ní ààwẹ̀ ló fi dáhùn. Ní July 1930, Òkè-Ooyè ní Iléṣà kún fọ́fọ́ fún ìsọjí rẹ̀. Yunifásítì tí ìjọ rẹ̀, CAC, fi sọrí rẹ̀ ló wà ní Ìkeji-Arákejì lónìí.

Kí ni àwọn ẹni àkọ́kọ́ yìí ń lọ ṣe lórí òkè? Ìyẹn ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò. Wọ́n lè gbààwẹ̀ nílé. Wọ́n gun òkè, wọ́n wọ igbó, nítorí pé ilé Yorùbá kì í dákẹ́: ọmọ ń ké, aya ń pe ọkọ, àlejò ń kanlẹ̀kùn. Òkè àdúrà jẹ́ ìpèbí fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba. Ìyẹn ni mo kà sí ohun tó tóbi jù nínú ohun tí àwọn Aládùúrà fi lélẹ̀: wọ́n mú ìyàsọ́tọ̀ tí ó jẹ́ ti ọba àti ti àwòrò, wọ́n fi lé awakọ̀, oníṣòwò àti ìyálọ́jà lọ́wọ́. Ìjọ Ọ̀ṣítẹ̀lù tilẹ̀ sọ ọ́ di ọdọọdún. Láti 1937 ni wọ́n ti ń lọ sí Òkè Taborah ní Ògèrè, ọjọ́ 13 ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀, ọjọ́ 22 August sì ni òpin rẹ̀. J.D.Y. Peel, òyìnbó tó kọ ìwé nípa àwọn Aládùúrà ní 1968, rí i dáadáa pé ohun tí àwọn èèyàn yìí ń wá ni agbára tí àdúrà ń mú wá sínú ayé tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́: ìlera, ọmọ, ààbò.

Ó dáa. Àmọ́ ẹ gun òkè àdúrà kan lónìí ní òru ọjọ́ Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Gbohùngbohùn mẹ́rin dojú kọ ara wọn, ìjọ méjì sì ń bá ara wọn díje lórí àpáta kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ kò ríbi dákẹ́ sí. Àwọn kan yóò ní ariwo náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, pé ẹni tó bá pe orúkọ Jésù ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láìdúró yóò dé ibi tí ọkàn ti ń gbóná tó sì ń ṣí, mo sì gbà, nítorí àwọn ará Íńdíà náà ń tún orúkọ kan pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn máa ń rẹlẹ̀ sí i bó bá ṣe ń lọ, títí yóò fi ku èémí nìkan. Tiwa ń ga sí i.

Iye ọjọ́ náà ń ga sí i. Ẹnọ́kù Adébóyè, tí wọ́n bí ní Ìfẹ́wàrà nítòsí ibí ní 1942, tó sì gboyè ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1967, ni olórí ìjọ Ìràpadà. Ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìjọ náà ti tó 100 ọjọ́ ní ọdún mìíràn. Ìṣínu wà níbẹ̀ lálẹ́, ó sì ní ìlànà. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni àwọn tó ń fara wé e ní ìkọ̀kọ̀: ọjọ́ mẹ́ta gbígbẹ, ọjọ́ méje gbígbẹ, láìfi omi kan ọ̀fun, kí wọ́n lè rí nǹkan sọ nígbà ìjẹ́rìí. Àìsáyà orí kejìdínlọ́gọ́ta wà nínú Bíbélì gbogbo wọn, orí tó bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ wọn wí. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, òfin ti pààlà sí ìtara. Láti àfẹ̀mọ́jú dé ìwọ̀ oòrùn, ó parí. N'Ífẹ̀ níbí, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, nǹkan bíi wákàtí 13 sí 14 ni. (Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò rí irú oore bẹ́ẹ̀: nígbà tí Ràmàdáánì bọ́ sí oṣù kẹfà lọ́dún 2015 àti 2016, ó ju wákàtí 18 lọ.) Àlùkùránì yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀, wọn yóò san án padà nígbà tó bá rọrùn. Ànábì kọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ láti so ààwẹ̀ ọjọ́ kan mọ́ òmíràn láìṣínu. Hádíìsì kan tún wà tó pín ikùn sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti Svatmarama. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, ibi kan náà ni wọ́n já sí.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ní àyè tirẹ̀ nínú òfin. Ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn Ràmàdáánì ni ti ìtíkáfù, tí èèyàn yóò kó ẹní rẹ̀ lọ sí mọ́sálásí, tí kò ní padà sílé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Tijaniyya kì í dúró de Ràmàdáánì pàápàá: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọn yóò jókòó, tẹ̀súbà lọ́wọ́, wọn yóò máa ka gbólóhùn kan náà títí iye rẹ̀ yóò fi pé. Bí ará Íńdíà bá dé Ifẹ̀ tó ní kí n fi ẹni tó ń ṣe ohun tó jọ tòun jù hàn òun, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan tó ń ka tẹ̀súbà lẹ́yìn àdúrà àsùbáà ni máa mú un lọ.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá, a ò lè ṣe kí nǹkan má lórin. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jí àwọn èèyàn sí sààrì láyé ọjọ́un fi ìlù àti agolo ṣe é, wọ́n ń pè é ní wéré tàbí ajísààrì, wọ́n sì ń bára wọn díje láti àdúgbò dé àdúgbò. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ, tó sọ ọ́ di fújì. Ìyẹn ni pé orin tí wọ́n fi ń náwó lóde àríyá lónìí, ọmọ ààwẹ̀ ni. Inú mi dùn sí i, mi ò parọ́.

Yógà fúnra rẹ̀ kò tíì rí ìdí jókòó láàárín wa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yan 21 June fún un, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní 2015. Àwọn tó ń ṣe é fún ìlera pọ̀ ní Èkó, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ààwẹ̀. Ní Ghana, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀: Swami Ghanananda Saraswati, ọmọ ilẹ̀ Ghana tí wọ́n bí ní 1937, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Íńdíà, ó padà wá dá ilé àwọn Híńdù sílẹ̀ ní Accra láàárín ọdún 1970 sí 1979, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 2016. N'Ífẹ̀, ẹni tó bá ká ẹsẹ̀ jọ, tó pajú dé, tí kò sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa bi ara wọn bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀. Wọn kì í fura sí ẹni tó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń fura sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ kan láìjẹun, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ ti ń tán lọ, ara yóò wá máa sun ọ̀rá. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fara da ìyẹn fún ìgbà díẹ̀ bó bá ń mu omi. Láìsí omi, ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kí kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tó sì mú oògùn náà láìjẹun lè dákú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, aboyún, ẹni tó dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ààwẹ̀, àwọn dókítà kì í sábà gbà fún wọn. Ìṣínu tilẹ̀ lè léwu ju ebi lọ. Ẹni tí kò jẹun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó sì dojú kọ iyán àti ẹran lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì bí ara ṣe ń gba ṣúgà padà, ọkàn rẹ̀ sì lè ṣe ségesège. Ẹ̀kọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọbẹ̀ ṣíṣàn, díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ló yẹ ẹ́. Ọlọ́gbọ́n tó ń bá òṣùpá ka òkèlè yẹn ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó so gbogbo àwọn ọ̀nà àtijọ́ yìí pọ̀ ni pé kò sí èyí tó fi ẹni tó ń gbààwẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ yógà ní gúrù. Ẹni tó ń tẹfá ní ojùgbọ̀nà. Àwọn àgbà wà pẹ̀lú ọmọ oyè ní Ilofi. Gbogbo mọ́sálásí ló ń ṣínu lásìkò kan náà. Àgbà aládùúrà ló ń dá ọjọ́ fún Ọ̀ṣítẹ̀lù. Lónìí, wòlíì kan lórí YouTube ló ń pàṣẹ ọjọ́ 21 gbígbẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó dá nìkan wà ní yàrá kan ní Àsherífà, wòlíì náà kò mọ orúkọ rẹ̀, kò mọ oògùn tó ń lò. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ kéde tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀ lè kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lẹ́yìn ìsìn kí wọ́n rí nọ́ọ̀sì ìjọ. Kó sì pa gbohùngbohùn fún wákàtí kan lójúmọ́.